Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin ní ìyàwó ní Kúbà?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Kúbà ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́ ni, tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ inú ẹ̀sìn náà, ní iyawó? Rárá o. Àwa gan-an la sọ ọ̀rọ̀ náà di kékeré.

Ẹ wo agbo ilé. Ìyàwó kì í ṣe ti ẹnì kan níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí sílé kó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, tọkùnrin tobìnrin, títí kan ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ, àdàpè ni yóò fún wọn: Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, Adúmáadán. Ọjọ́ tó wọlé la fi ń ka ipò rẹ̀. (Àwọn kan ní "ìyà Ìwó" ni ọ̀rọ̀ náà, ìyà tí Ọ̀rúnmìlà jẹ nígbà tó lọ fẹ́ ọmọ Olúwòó. Ìtàn náà dùn, àmọ́ mi ò ní fi ṣe ẹ̀rí.)

Ipò yẹn ni ilé òrìṣà mú. Òrìṣà ni ọkọ. Ẹni tí òrìṣà bá fẹ́, ìbáà jẹ́ akọ, ìyàwó ni. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin ẹlẹ́gùn Ṣàngó fi ń dirun. Fífẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti ẹnu: orúkọ, irun àti aṣọ ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ní Kúbà, wọ́n á fá orí ìyàwó, á wà nínú yàrá òrìṣà fún ọjọ́ 7. Ní ọjọ́ ìta, ìyẹn ọjọ́ kẹta, wọ́n á dá owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, wọ́n á sì ka èèwọ̀ rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, aṣọ funfun fún ọdún 1 àti ọjọ́ 7, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́, iyawó ni. Oṣù 3 àkọ́kọ́ ló le jù: kò gbọdọ̀ wo dígí, orí ẹní ló ti ń jẹun, ṣíbí ló sì fi ń jẹ ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ka oṣù, wọ́n á gbàgbé ẹbọ. Bí a kò bá tíì rú ẹbọ oṣù 3, èèwọ̀ dígí àti ẹní kò tíì tú, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ti Bùràsílì tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iaô ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ó sì dìgbà tó bá ṣe ètùtù ọdún 7 kó tó di egbomi, ẹ̀gbọ́n mi tiwa yìí náà. Nítorí náà, ìyá ọlọ́dún 60 tó wọlé lánàá, àbúrò ló jẹ́ sí egbomi ọmọ ọdún 25.