Canonet àbí Electro: èwo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà onífíìmù ya àwọn èèyàn ní títì àti lóde àríyá, owó mi ò sì ká Leica. Méjì ló wù mí, Canon Canonet QL17 GIII àti Yashica Electro 35 GSN. Èwo ni kí n mú? Mo máa ń lo gíláàsì o.

Ìdáhùn: Àbúrò, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Leica yẹn dùn ẹ́. Lẹ́ǹsì f/1.7, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, ló wà lójú àwọn méjèèjì yìí, fọ́tò wọn máa ń jáde kedere, àfi pé lẹ́ǹsì wọn ò ṣeé yọ pààrọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o bi ara ẹ ni pé tí bátìrì bá kú lójú agbo ńkọ́?

Canonet, tó jáde ní 1972, mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń lo bátìrì. Tó bá kú, wàá yí lẹ́ǹsì kúrò lórí A (ibi tí kámẹ́rà ti ń mú f-stop fúnra ẹ̀), wàá fọwọ́ ara ẹ mú f-stop (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe máa fẹ̀ tó) àti spíìdì (bí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀, ṣe máa pẹ́ tó ní ṣíṣí), láti 1/4 dé 1/500 sẹ́kọ́ńdì, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá ti kúrò lórí A báyìí, mítà ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́, kódà kí bátìrì ṣì wà ńbẹ̀, áàpù orí fóònù lo máa fi wọn ìmọ́lẹ̀. Electro ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìwọ á mú f-stop, òun á fúnra ẹ̀ mú spíìdì, o ò lè yàn án fún un, tí bátìrì bá sì ti kú, 1/500 nìkan ló kù, tó bá wá jẹ́ òde alẹ́, ó parí nìyẹn. Tí bátìrì bá wà ṣá, ẹni tí ò fẹ́ wàhálà á gbádùn ẹ̀, torí ó lè ṣí ṣọ́tà fún ọ̀pọ̀ sẹ́kọ́ńdì nínú òkùnkùn.

Bátìrì mẹ́kúrì ni wọ́n ṣe méjèèjì fún, wọn ò sì ṣe é mọ́. Ti Electro rọrùn, 6V ayé ìsinyìí pẹ̀lú adápítọ̀ ti tó. Canonet ló ń ṣe ṣàkàṣàkà: tó o bá ki 1.5V sí i, mítà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, fọ́tò ẹ á dúdú. Wá bátìrì 675 tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ etí, kó o fi rọ́bà ká a kó má máa mì.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, wọ gíláàsì ẹ kó o tó yọjú wò ó. Yí lẹ́ǹsì dé infinity (ibi tó jìnnà jù), kọjú ẹ̀ sí òpó iná tó jìnnà, nínú àmì kékeré tó wà láàárín ojú ihò, òpó méjì tó ò ń rí gbọ́dọ̀ di ẹyọ kan. Tí o ò bá rí àmì àárín yẹn dáadáa, gbé e sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Electro, fa lífà ẹ̀ kó o tẹ́tí, ó yẹ kó dún "kọ̀!", tí ò bá dún, rọ́bà inú ẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Ti Canonet, ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, tẹ̀ ẹ́ ní 1/4, kó o wo bóyá abẹ́ ṣọ́tà ń lẹ̀ mọ́ra. Fóòmù dúdú tó ti yọ́ létí ìdérí ẹ̀yìn kámẹ́rà ò jẹ́ nǹkankan, owó kékeré ni.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ìdérí lẹ́ǹsì. Ojú ihò tá a fi ń wò kì í gba inú lẹ́ǹsì wò, èèyàn lè ya odindi fíìmù láì ṣí i. Canonet tó wà lórí A á kọ̀, kò ní ya; Electro á máa yà á lọ ní tiẹ̀.

Fún irú iṣẹ́ tó o fẹ́ ṣe yìí, Canonet ni màá mú, ó tún kéré lọ́wọ́. Tí ìyẹn bá ń lẹ̀, tí Electro ibẹ̀ sì ń dún "kọ̀", mú Electro, kó o ra bátìrì méjì.