Ṣé ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ń nípa lórí bí ọ̀dọ́langba ṣe ń lo ìkànnì abánidọ́rẹ̀ẹ́ àti ìlera rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, lójú tèmi, ti ilé ló sì pọ̀ jù. Ọmọ tó ń rí i pé bàbá àti ìyá òun kì í gbé fóònù sílẹ̀ nídìí oúnjẹ kò ní ka òfin wọn sí.

Oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, àmọ́ fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí kì í jẹ́ kó pé. Kí fóònù gbogbo ará ilé, títí kan ti òbí, máa sun pálọ̀. Èyí wúlò ju kéèyàn máa yọ́ fóònù ọmọ wò lọ. Ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ bí olè á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ (àkáǹtì kejì ò ṣòroó ṣí), ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀ pé wọn ò ní pariwo mọ́ òun á sọ̀rọ̀ bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ mọ́ ọn.

Ìwádìí WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ilẹ̀ Yúróòpù, Àárín Gbùngbùn Éṣíà àti Kánádà fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́langba tí ìkànnì abánidọ́rẹ̀ẹ́ ti di bárakú fún jẹ́ ìdá 7 nínú 100 lọ́dún 2018. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti di 11. Ó pọ̀ láàárín ọmọbìnrin ju ọkùnrin lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Òfin pé kò sí fóònù ní kíláàsì dáa, àmọ́ kò dé yàrá ọmọ lálẹ́. Olùkọ́ tó ń tètè dá sí ọ̀rọ̀ ìfìtínà ló ṣe pàtàkì jù, torí èébú tó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì lè tẹ̀ lé ọmọ délé lórí fóònù.