Àtọ̀gbẹ, Ààwẹ̀ Ramadan àti "Owó Ìràpadà"

Ìbéèrè: Àáfà wa, àsàlámù àlékúmù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ. Mo fi agídí gba ààwẹ̀ ní èṣí, mo dákú sórí ìrun àsárì, dókítà sì ní n kò gbọdọ̀ gbà á mọ́ láé. Àáfà àdúgbò wa ní kí n kó owó ìràpadà ọgbọ̀n ọjọ́ wá fún òun, kí òun fi bá mi ṣe àdúà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná ń dúró dè mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àsàlátù ní ìgbàgbọ́ mi ló rọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàláàmù, ìyá wa. Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà.

Ẹ má gba ààwẹ̀ náà. Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ sọ ìtàn ọkùnrin kan fún wọn. Òkúta fọ́ ọ lórí lójú ìrìn àjò, jànábà (ipò tó ń sọ ìwẹ̀ di ọ̀ranyàn kí èèyàn tó kírun) sì bá a. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè ṣe tàyàmámù, ìyẹn kí ó lo erùpẹ̀ dípò omi, wọ́n ní kò sí ìdẹ̀kùn fún un. Ó wẹ̀, ó kú. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbọ́, ó ní: "Wọ́n ti pa á, kí Ọlọ́hun pa wọ́n. Kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀?" Abu Dawud, ọ̀kan lára àwọn tó kó hadiisi Ànábì jọ, ló gbà á wá. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ti aláìsàn sínú ààwẹ̀, kó lọ ronú sí i.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí owó yìí, torí ó ti ń di òwò. Nínú Súúrà Bákárà, áyà 184, oúnjẹ mìsìkíìnì, ìyẹn tálákà, ni Ọlọ́hun dárúkọ. Àáfà dà níbẹ̀? Àdúà tí wọ́n ń fi "ra ààwẹ̀ padà" dà? Bìdíà, àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, gbáà ni! Imaamu Malik gan-an, tí ìlànà rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa ní ilé-kéwú, sọ pé bíbọ́ mìsìkíìnì jẹ́ ohun tó dára kí ẹni tí kò lè gbààwẹ̀ mọ́ ṣe, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Iná wo ni àáfà wá ń fi dẹ́rù bà yín lórí rẹ̀? Àmọ́ Ibn Abbas, sàábé Ànábì, ní kí irú yín bọ́ mìsìkíìnì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí ni ọ̀pọ̀ onímímọ̀ sì dì mú. Bí agbára bá wà, ẹ ṣe é.

Múdù Ànábì kan lóòjọ́ ni: ìrẹsì tàbí àgbàdo tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ọkùnrin tó mọ níwọ̀n, tí ó pa wọ́n pọ̀ bù ú. Ẹ sì lè sè é. Nígbà tí Anas ọmọ Malik, sàábé Ànábì, darúgbó, ó se ọpọ́n oúnjẹ kan, ó pe ọgbọ̀n mìsìkíìnì, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Tí àáfà yín bá jẹ́ mìsìkíìnì, ẹ bù tirẹ̀ fún un bíi ti àwọn yòókù, kì í ṣe torí láwàní. Bí ẹ kò bá sì ní, kò sí nǹkan lọ́rùn yín.

Ẹni tí dókítà bá sọ pé ara rẹ̀ á padà bọ̀ sípò ní tirẹ̀, yóò san ọjọ́ tó jẹ. Kì í bọ́ mìsìkíìnì dípò.

Àwọn alátọ̀gbẹ tí dókítà gbà láyè láti gbààwẹ̀ náà ń béèrè nípa abẹ́rẹ́. Insulin kì í ṣe oúnjẹ, kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni gígún ìka láti wo ṣúgà. Àwọn onímímọ̀ tó pé jọ sí Jeddah ní 1997 sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà ti wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, tàbí tí òógùn ń bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ mu nǹkan dídùn lójú ẹsẹ̀, ì báà ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n pe ìrun mangaribi.

Ìyá wa, bí ẹ bá ti san owó náà, ẹ gbà á padà.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.