Ṣé irọ́ ni àlọ́ àpamọ̀ ń pa?

Ìbéèrè: A ti Yábàá lọ kí ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì pa àlọ́ fáwọn ọmọ mi: "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Wọ́n ní apẹja ni, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ni. Ìyá ní orógùn ni. Àkọ́bí mi bínú, ó ní màgòmágó ni. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àlọ́ yẹn ò pa irọ́ kankan. Ẹ sọ pé Yábàá lẹ ti ń lọ. Ọmọ tó gba afárá Third Mainland láti Adékúnlé dé Adéníji, ọ̀sà ló ń wò lọ. Tó bá wá gbọ́ "òkun" àti "ọ̀sà", omi tójú rẹ̀ mọ̀ lọkàn rẹ̀ máa sáré lọ bá. Ọmọ Èkó gan-an ni àlọ́ yìí ń mú jù. Bóyá ọmọ tí kò rí òkun rí ni yóò kọ́kọ́ rántí ìkòkò.

Ẹ tún gbọ́ ọ dáadáa. Òkun nìkan kọ́ ló ń hó, omi àmàlà náà ń hó lórí iná. Ìgbà tó bá hó ni wọ́n ń da èlùbọ́ sí i, tí orógùn á torí bọ̀ ọ́. Ọmọ gidi wo ló máa ki orí bọ omi gbígbóná? Ìdí tí wọ́n fi pè é lọ́mọ burúkú nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n fún nǹkan náà ló ń ṣini lọ́nà, ohun tó ń ṣe ni wọn ò fi pa mọ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fọ́mọdé nìyí: fi orúkọ sílẹ̀, di ìṣe mú. Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba? Ẹni tó di "ọba" mú á máa wá aláfojúdi kan kiri Ìgá Ìdúngánràn, ààfin ọba Èkó. Ẹni tó di "kọjá" mú á bi ara rẹ̀ pé kí ló ń lọ láìdúró fẹ́nikẹ́ni. Àgbàrá òjò ni. Ta ló rí òjò oṣù kẹfà l'Ékòó tí kò mọ̀ ọ́n?

Àwọn kan wà tí ìṣe ò lè gbani níbẹ̀. Ìyá Bọ́lá bí ọmọ mẹ́ta péré. Ọ̀kan ń jẹ́ Táyé, ọ̀kan ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Kí lorúkọ ẹ̀kẹta? Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí àṣà wa gan-an ló fi dẹ pàkúté. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnu wa ti pe Ìdòwú, nígbà tó jẹ́ pé Bọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ! Ẹni tí kò mọ orúkọ tó ń tẹ̀lé ìbejì ò lè kó sí i. Fún irú èyí, kí ọmọ ní kí wọ́n tún un pa. Kò séèwọ̀ níbẹ̀.

Ẹ fún àkọ́bí yín ní èyí, kẹ́ ẹ má kánjú bá a dáhùn: "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Kó fo òrúkú. Kó ronú ohun kéékèèké tó pọ̀ lọ súà, tójú gbogbo wọn dúdú. Tí kò bá rí i, ẹ da ẹ̀wà sínú àwo síwájú rẹ̀, kó máa mú un wò ní wóró kọ̀ọ̀kan.