Ewé tútù tí wọ́n yà sára ọ̀rá

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń tajà. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń ra ọ̀rá tí mo fi ń di ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ya ewé tútù sí i lára, wọ́n ní kíákíá ni yóò jẹrà, owó rẹ̀ sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òjò ọdún méjì ti pa èyí tí mo rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ewé náà ṣì ń dán. Ta ni irú ẹ̀tàn yìí ń pa lára?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpàtẹ, ìyá wa. Ẹ̀yin ni ó kọ́kọ́ pa lára, nítorí owó yín ṣòfò, àwọn oníbàárà yín yóò sì máa fojú òpùrọ́ wò yín lórí ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu yín jáde. Ó ń pa ẹlòmíràn lára pẹ̀lú: ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Volkswagen, tí ó polówó ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pé èéfín rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan wà nínú ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé tí ó ń mú èéfín dínkù nígbà àyẹ̀wò nìkan. Àwọn tí ó fowó dókòwò níbẹ̀ pàdánù, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ra ohunkóhun, tí wọ́n kàn ń fa èéfín náà símú, ni ọ̀rọ̀ wọn dùn mí jù. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò tí ó sọ iye oṣù tí ọ̀rá náà yóò fi jẹrà àti irú ilẹ̀ tí yóò ti jẹrà. Bí wọn kò bá mú un wá, ẹ kọ̀wé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, nítorí òfin ọdún 2018 ka ìpolówó èké léèwọ̀. Ẹ fi ọ̀rá tí ẹ hú jáde náà ṣe ẹ̀rí.