Owó Ìrànwọ́ Tàbí Ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ wa ní Ìtòkú ń gbèjà àwọn opó tí ẹbí ọkọ gba ilé lọ́wọ́ wọn. Ṣé owó ìrànwọ́ ni ká kọ́kọ́ wá ni, tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́? (Ìyá aláró, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ìyá wa. Ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, pàápàá ti ìṣirò owó, nítorí ẹni tó bá fún yín lówó yóò béèrè bí ẹ ṣe ná an. Ní ìlú wa yìí kan náà, ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kí ó tó di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946, ẹgbẹ́ náà ló sì gbógun ti owó orí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (Corporate Affairs Commission), àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́.