Àbúrò, dá símẹ́ǹtì yẹn padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọgbà ilé ńlá àtijọ́ kan ní Suffolk, ní England, ni mò ń tọ́jú. Kòtò kan wà níwájú ilé, ó jọ pé torí ogun ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ògiri bíríkì inú rẹ̀ ti wú, omi ń jò láàárín bíríkì. Mo ti ra àpò símẹ́ǹtì mẹ́fà. Tí mo bá fi dí gbogbo ojú rẹ̀, ṣé á le?

Ìdáhùn: Kò ní le, wíwó ló máa wó. Gbogbo yín ṣáà ni símẹ́ǹtì!

Ogun kọ́ o, torí màlúù àti àgùntàn ni. Ha-ha ni wọ́n ń pè é: ògiri wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níhà ilé, ìhà pápá sì dagun, kí ẹran má bàa wọ ọgbà, kí onílé sì máa wo pápá lọ réré láìsí odi tó dí i lójú. Charles Bridgeman tó ń ṣètò ọgbà fáwọn olówó lò ó ní Stowe, ọgbà ilé ńlá kan ní England, láàárín ọdún 1720 sí 1730, ni àwọn olówó yòókù bá ń gbẹ́ tiwọn.

Ní ti símẹ́ǹtì, bulọ́ọ̀kù ló bá mu. Láìmù ni wọ́n fi mọ ògiri àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun, tí wọ́n da omi pa, tí wọ́n pò mọ́ yanrìn. Ó rọ̀ ju bíríkì lọ, ojú rẹ̀ sì ni omi ń gbà jáde. Tó o bá fi símẹ́ǹtì dí i, o wọ ẹ̀wù òjò fún ògiri nìyẹn: bíríkì ló máa mu omi náà. Tí òtútù bá mú, omi á di yìnyín, á wú, ojú bíríkì á máa bó. Lọ wo èyí tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún: símẹ́ǹtì dúró gbọnin bí afárá oyin, bíríkì àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú, ẹ̀kúnná pupa wà nílẹ̀.

Ti ha-ha tún le jù, torí gbogbo ilẹ̀ ọgbà ló fẹ̀yìn tì í, tomi tomi. Jíjò tó ń jò yẹn wà lára ohun tí kò tíì jẹ́ kó wó! Ó lè jẹ́ pé ẹrẹ̀ ti dí àwọn ihò omi ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n má lọ lóṣòó sídìí ògiri tó ti wú. Ẹnjiníà tó mọ ilé àtijọ́ ni kó kọ́kọ́ wò ó. Èmi ò tíì fojú rí i, má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìwé àṣẹ.

Kí ọ̀gá rẹ sì bi káńsù. Bí ilé náà bá wà lára èyí tí òfin dáàbò bò, ohun tí wọ́n mọ sínú ọgbà rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1948 bá a wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá yí i padà láìgbàṣẹ, ẹjọ́ ọ̀daràn ni.

Rìsíìtì símẹ́ǹtì yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?